Ilé ni Wọ́n ń Sáré Lọ

Ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà ní oṣù keje ọdún 2024, abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tí mo sì rí ni eré kan tí ọkùnrin mẹ́sàn-án fi ń dúró káàkiri pápá, tí wọ́n ń tutọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ tún fìlà ṣe, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sanwó láti wá wò wọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ìrìn àjò Amẹ́ríkà ṣe fáàrí fún yín. Ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè ni ó gbé mi débẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó sì gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kù, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ti lò ó ní Chicago, ẹni tí tọmọdé-tàgbà ilé wa mọ̀ sí Bọ̀ọ̀dá Ṣíkágò. Ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀rọ̀ eré béèsìbọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ̀kan kí n má sọ èkejì.

Ọdún 1986 ni Bọ̀ọ̀dá Ṣíkágò kúrò nílé. Láti ìgbà náà, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ilé o. Òun ni ó kọ́ ilé tí ìyá àgbà ń gbé, òun ni ó ń san owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lóṣooṣù, òun náà ni ó sì san owó ilé-ìwé mi láti ọdún kìíní ní sẹ́kọ́ńdírì títí mo fi wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n fọ́tò ni a fi ń rí ojú rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú ní ọdún 1999, fídíò ìsìnkú ni wọ́n dì sínú àpò ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí mo fẹ́ gbéra, ìyá mi pè mí wọ yàrá. Wọ́n ní, "O ó bá mi bi í léèrè ìgbà tí ó ń bọ̀. Má jẹ́ kí ó mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Mo ní mo gbọ́. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ rán mi níwèé, báwo ni n ó ṣe la ẹnu bi í pé, "Ẹ̀yin, kí ló dé tí ẹ kò wálé?" Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ìbéèrè náà kiri inú ilé rẹ̀ bí ẹni tí ó kó ẹyin adìẹ sápò.

Ọ̀nà ṣí nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí a bí sí Chicago, ríṣẹ́ sí ìlú Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kó àga àti ìkòkò lọ fún un, ó sì ní kí n bá òun lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni a gbéra. A gba St. Louis, ọ̀nà náà sì lé ní 500 máìlì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Kàdúná rí yóò mọ irú ìjókòó tí mo ń wí, àfi pé títì tiwọn kò ní kòtò, kò sì sí ẹni tí ń ta ẹ̀pà ní ojú fèrèsé. Oko àgbàdo ni lápá ọ̀tún, oko sóyà ni lápá òsì, ó lọ salalu, ẹ kò sì ní rí àgbẹ̀ kan nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, òun a máa bi ara òun pé ta ni ń ro oko wọ̀nyí. A sọdá odò Mississippi ní St. Louis lábẹ́ irin ràgàjì tí wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 630. Mo ní kí a dúró kí n ya fọ́tò. Bọ̀ọ̀dá ní ìgbà àbọ̀. Ìgbà àbọ̀, òru ni a kọjá.

Nínú ọkọ̀ náà, rédíò ni ó ń sọ̀rọ̀ jù wá lọ. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ lórí rẹ̀, mo sì béèrè pé kí ni Bọ̀ọ̀dá rí nínú eré tí a kò tilẹ̀ fojú rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun fi wa takisí lóru ní Chicago, rédíò yìí nìkan ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sí èrò. Nípa gbígbọ́ eré náà ni etí òun fi ṣí sí Òyìnbó àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń sọ ọ́ kì í kánjú, ohun tí ó bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan yóò tún un sọ. Ẹgbẹ́ White Sox ni ó yàn láàyò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ní ọdún 2024 yìí, nínú eré 162 tí ẹgbẹ́ náà ṣe, 121 ni wọ́n pàdánù. Láti ọdún 1900 wá, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kankan tí ó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Àárín ìgbà tí wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún léraléra gan-an ni ìrìn àjò wa bọ́ sí, àwọn náà ni wọ́n sì ń bọ̀ wá bá Kansas City ṣeré.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ tún ń bá wọn ṣe?"

Ó ní, "Ṣé ènìyàn máa ń kọ ará ilé rẹ̀ nítorí pé kò rọ́wọ́ mú ni?"

Mo dákẹ́. Mo rò pé àyè ìbéèrè mi ti ṣí, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́ fi kún ohùn rédíò.

Etí títì gan-an ni pápá ìṣeré Kansas City wà, kí a tó wọ ìgboro. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà, iná orí rẹ̀ ti tàn. Pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjèèjì dà bí ìbejì tí wọn kò jọra. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó tó" lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kọ́kọ́ mú wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìkóríta òpópónà 18 àti Vine. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ìtàn àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n gbá béèsìbọ́ọ̀lù sí. Àwọn òyìnbó kò gbà kí wọ́n bá àwọn ṣeré pọ̀, ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rube Foster bá pe àwọn onílé ẹgbẹ́ jọ sí Kansas City yìí ní oṣù kejì ọdún 1920, wọ́n sì dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Láàárín ilé náà, wọ́n ṣe pápá kékeré kan, wọ́n sì to ère idẹ àwọn akọni sí ojú ìdúró wọn: Satchel Paige ni ó ń ju bọ́ọ̀lù, Josh Gibson ni ó lóṣòó láti hán an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọlé, wáyà bíi ti ilé adìẹ ni ẹ ó bá níwájú yín. Ẹ ó máa yọjú wo pápá náà láti ẹ̀yìn wáyà, ẹ kò ní lè débẹ̀, àfi bí ẹ bá rìn yí gbogbo ìtàn náà ká tán. Mo gba ti ẹni tí ó ronú kan èyí. N kò tíì rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa kan tí ó fi wáyà lásán sọ ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Josh Gibson yìí kú ní oṣù kìíní ọdún 1947. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, Jackie Robinson wọ pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, ilẹ̀kùn tí a ti sé mọ́ àwọn adúláwọ̀ sì ṣí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò wa, àwọn aláṣẹ eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aráaṣáájú wọ̀nyẹn mọ́ ti àwọn yòókù, wọ́n sì rí i pé Josh Gibson ni ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú sàréè.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, a lọ sí pápá. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i, ní 1993 ni wọ́n sì fi orúkọ Ewing Kauffman pè é, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Royals sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ gbà mí lójú ni omi. Lẹ́yìn odi pápá, omi ń tú yàà sókè bí ìgbà tí páìpù ńlá bẹ́, iná àwọ̀ oríṣiríṣi ń tàn sí i lára, gàgàrà pátákó tí wọ́n ń kọ iye sí sì dé adé bí ọba, nítorí pé Royals, àwọn ọmọ ọba, ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Koríko rẹ̀ tutù ju ti ibi ìkíni ọ̀gá àgbà yunifásítì wa lọ (ẹ má sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀). Ẹ̀pà inú èèpo ni gbogbo ènìyàn ń jẹ, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń da èèpo rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kò bá wọn wí. Èyí nìkan ni ó jọ ilé.

Ní ti eré náà fúnra rẹ̀, ẹ rántí ráúńdà tí àwọn ọmọbìnrin máa ń gbá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni. Ẹnìkan yóò dúró lórí òkìtì kékeré kan, yóò ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò ju ọsàn lọ. Ẹnìkan yóò mú igi, yóò dúró dè é ní ibi tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6. Bọ́ọ̀lù náà a máa sáré ju ọkọ̀ tí ó gbé wa wá lọ. Bí ẹni tí ó mú igi bá fi fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bà á, ó kú nìyẹn. Kíkú ni Bọ̀ọ̀dá pè é, bí ọmọ lúdò ṣe ń kú. Bí ó bá gbá a dáadáa, yóò sáré lọ sí ibùdó kìíní, láti ibẹ̀ sí ìkejì, láti ìkejì sí ìkẹta, ẹsẹ̀ bàtà 90 láàárín ọ̀kan sí èkejì, títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ibi tí ó ti gbéra yẹn, ilé ni wọ́n ń pè é. Ilé gan-an! Bí ó bá délé, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì ayò kan. Bí ènìyàn mẹ́ta bá kú kí ó tó délé, ibi yòówù kí ó dúró sí, wọn a ní kí ó máa bọ̀, ìrìn rẹ̀ ti já sí asán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá a bẹ́ẹ̀. Kò sí aago tí yóò fọn pé eré ti tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé aago ti ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù, kí ó má baà máa ronú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bọ̀ọ̀dá kò fẹ́ràn aago yẹn. Ó ní ìdánudúró ni adùn rẹ̀. Mo sì rí òtítọ́ ibẹ̀, nítorí pé láàárín ìjù kan sí èkejì, ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ. Bàbá àti ọmọ níwájú wa sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ibi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, ta ni yóò bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

White Sox ń pàdánù, bí a ti mọ̀ pé yóò rí. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn dé ibùdó kẹta. Gbogbo ara Bọ̀ọ̀dá gbé nílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 90 péré ni ó kù fún un. Ẹni tí ó mú igi fẹ́ ẹ, kò bà á, ó tún fẹ́ ẹ, kò bà á, ẹ̀ẹ̀kẹta, òfìfo. Ọmọ orí ibùdó kẹta náà ṣí akoto rẹ̀, ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá fara ti àga. Ó ní, "Wọ́n ń ka àwọn wọ̀nyí náà o. Wọ́n ní àyè tí wọ́n ń kọ iye àwọn tí kò délé sí nínú ìwé."

Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń pè ní ilé yẹn. Àwọ̀ aró ni gbogbo àga apá ibẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tí ó pupa fòò. Ó ní àga Buck O'Neil nìyẹn, ibẹ̀ ni bàbá náà máa ń jókòó, láti ọdún 2007 ni wọ́n sì ti ń yan ẹnìkan tí ó bá ṣoore fún ìlú láti jókòó síbẹ̀ ní eré kọ̀ọ̀kan. A ti rí orúkọ rẹ̀ ní àárọ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas City Monarchs, ó tún darí ẹgbẹ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò sì gbà á láyè láti gbá tiwọn nígbà tí agbára wà lára rẹ̀. Ní 1962, ẹgbẹ́ Cubs ti Chicago fi í ṣe adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ kóòṣì láàárín wọn. Ní 2006, ìgbìmọ̀ kan jókòó láti yan àwọn ará líìgì adúláwọ̀ tí orúkọ wọn yóò wọ ilé ọlá eré náà ní Cooperstown. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n yàn. Wọn kò yan Buck O'Neil, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Gbogbo àwọn mẹ́tàdínlógún náà ti kú, wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Òun ni ó lọ. Ó dúró níwájú wọn, ó kí wọn, ó tilẹ̀ kọrin fún wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni ó kú. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gba orúkọ tirẹ̀ wọlé." Ó da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "Bí ó bá ṣe èmi ni, n kò ní lọ. Ojú ì bá tì mí."

N kò mọ ohun tí ó ki mí láyà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ojú ni ó ń tì yín láti wálé?"

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ó dùn mí pé mo sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí a ń wí. Ìran ni ó ń wò. Bọ̀ọ̀dá kò bínú. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù jù ú lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn.

"Ìyá rẹ ni ó rán ọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní nígbà tí bàbá àwọn kú, ìwé ìgbélùú òun kò tíì pé. Bí òun bá jáde, òun kò ní lè wọlé mọ́, ọmọ sì wà lọ́wọ́. Èyí ni gbogbo ilé mọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní ọdún kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni ìwé náà pé, òun sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ó kó ẹrù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kù ọ̀la, ó tún fi fídíò ìsìnkú yẹn sí i, ó rí ibi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ olóògbé kí wọ́n wá da erùpẹ̀, tí wọ́n pe orúkọ òun, tí ẹ̀gbọ́n òun, ìyá mi, wá da tirẹ̀ tán tí wọ́n tún bu omíràn da fún òun. Kò lọ mọ́. Ó ní, "Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún ni ọ̀nà ń jìn sí i."

Ní àárín ìpele keje, gbogbo pápá dìde, wọ́n na ara, wọ́n sì kọ orin wọn kan tí ó ti wà láti ọdún 1908. Bọ̀ọ̀dá dìde, ó bá wọn kọ ọ́. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Èmi náà dìde, mo ń la ẹnu lásán.

Eré parí ní ìwọ̀n aago mẹ́sàn-án kọjá. White Sox pàdánù. Ní ilé ọmọ rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá kò sùn. Ó jókòó sí ìta lórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí a gbé wá, ó ń fi ìka ka wákàtí: mẹ́fà ni ilé fi ṣáájú wọn ní àkókò náà. Ní aago méjìlá òru, tí ó jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ nílé, ó ní kí n pe fóònù ìyá mi, kí n ní kí wọ́n gbé e fún Màmá.

"Màmá, èmi ni."

"Ṣé kò sí o? Kí ló dé tí o kò tíì sùn?"

Ó ní kò sí nǹkan, a lọ wo eré ni. Wọ́n ní eré wo. Ó gbìyànjú. Ó ní wọn a fi ilé sílẹ̀, wọn a sáré yí pápá ká, wọn a sì máa wá ọ̀nà àtipadà sílé.

Màmá ní, "Ta ní ń lé wọn?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Màmá."

"Bọ́ọ̀lù ní ẹsẹ̀ ni?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, n kò sì wo ojú náà pẹ́. Màmá tún sọ ti oògùn wọn, àti ti òjò tí ó ṣí òrùlé ilé ìdáná, wọ́n sì súre fún un.

Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí mo ti padà sí yunifásítì, Bọ̀ọ̀dá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí mi lórí fóònù pé òun ti fi ìwé ìrìnnà òun ránṣẹ́ fún àtúnṣe, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. N kò sọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé ìròyìn yìí hàn wọ́n.